Ẹ Dúró, Mi Ò Tíì Yípadà Tán

Inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ irun. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní irun tó ti hù padà láti ọjọ́ yìí wá, tó tún ti ń funfun báyìí, kí ló kù níbẹ̀ tí màmá àwọn ń bínú sí? Mo ní kí wọ́n jókòó kí n sọ ọ́ fún wọn. Wọn ò jókòó. Ẹ̀yin, ẹ jókòó.

Ìkọ̀tún là ń gbé nígbà náà, nínú ilé ayágbé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì là á láàárín. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkẹjà. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Èmi ni àkọ́bí, àbúrò mi obìnrin kan ṣoṣo ló tẹ̀lé mi. Kíláàsì kejì ni mo wà nílé-ìwé girama lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ní apá ìparí àwọn ọdún náíńtì.

Ẹni tó ń gbé yàrá tó kángun sí ẹnu ọ̀nà ń tún tẹlifíṣàn ṣe ní Dópèmú. Ó máa ń gbé tẹlifíṣàn àwọn oníbàárà rẹ̀ wálé láti fi wò ó bóyá iṣẹ́ òun dára. Nítorí náà, a kì í mọ irú àwọ̀ tí ayé máa ní lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ kan, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ á dúdú bí aró; ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n á gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. A ò bìkítà. Bí iná bá ti wà, tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ti lù, gbogbo ọmọ ilé ti wà ní ilẹ̀ yàrá rẹ̀.

Eré aláwòrán tí wọ́n ṣe ní Japan la fẹ́ràn jù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó tán. Oríṣiríṣi ni, síbẹ̀ ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo wọn. Wọ́n á lu akọni náà lálùbolẹ̀. Á dìde. Á di ọwọ́ méjèèjì ní ìkúùkù, á la ẹsẹ̀ gbàgà, á wá fi igbe ta. Kì í ṣe igbe kékeré o. Á kígbe títí iṣan ọrùn rẹ̀ á fi yọ sóde. Ilẹ̀ á máa mì, òkúta á máa fò, atẹ́gùn á máa fẹ́ láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, irun orí rẹ̀ á sì nà ró ṣánṣán, á di yẹ́lò. Nígbà tó bá fi máa parí, ó ti di ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó tó o lù mọ́.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀tá tó ti ń wá ọ̀nà àtipa á látàárọ̀, ìgbà tí iṣẹ́ dé tán ló máa wá ká ọwọ́ gbera, á máa wò ó bó ṣe ń yí padà, bí ẹni tó ń dúró kí wọ́n bu oúnjẹ fún un.

Mo bi aládùúgbò wa lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí kò lù ú báyìí tó ń pariwo?"

Ó ní, "Tó bá lù ú, eré parí nìyẹn. Kí ni wọ́n máa wá fi hàn yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Mo rò ó, mo wá rí i pé èmi náà lè ṣe é. Àmọ́ mi ò fẹ́ ṣe é bí àwọn ará Japan. Bí ọmọ Ìkọ̀tún ni mo fẹ́ ṣe é.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo so ìró màmá mi mọ́ ọrùn. Àbúrò mi ni ọ̀tá. Á fi ọwọ́ tì mí, màá ṣubú, màá dìde, màá di ìkúùkù, màá bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Kí igbe náà tó dé ibì kankan, ohùn á há. Màá wúkọ́. Màá wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún ọ̀tá pé, "Ẹ dákun, ẹ bá mi bu omi." Ọ̀tá á lọ bu omi wá. Màá mu ún, màá dá ife padà, màá dúpẹ́, màá tún kígbe. Ìró á já bọ́. Ọ̀tá á fẹ́ sún mọ́ mi, màá na ọwọ́ sí i: "Ẹ dúró, mi ò tíì yípadà tán!" Màá tún ìró so. Màá ṣe bíi pé màmá mi pè mí pé kí n wá ṣa ẹ̀wà, màá dáhùn pé, "Mò ń bọ̀ mà, mò ń yí padà lọ́wọ́ ni mà!" Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, tí mo di alágbára gidi, tí mo yíjú láti lu ọ̀tá, ọ̀tá ti sùn lọ.

Gbogbo ilé ló máa ń jáde wá wò ó. Aládùúgbò wa alátẹlifíṣàn ní kí n máa tún un ṣe fún àwọn àlejò rẹ̀. Màmá mi á ní òun ò ráyè, síbẹ̀ á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn tòun ti abẹ́bẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ bàbá mi ló máa ń rẹ́rìn-ín jù lọ. Á rẹ́rìn-ín títí á fi bọ́ awò ojú rẹ̀, á nu ojú, á ní, "Ọmọ yìí, ìwọ lo máa pa mí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Òun ló jẹ́ kí inú máa bí mi jù.

Ọ̀rọ̀ ìjọ ló tẹ̀ lé e. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà nítòsí Ẹ̀gbẹ́dá la ti ń jọ́sìn tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọrin nínú ìwé, tí wọ́n sì máa ń parí bí ó bá ti yẹ. Bàbá mi wá ń retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ìgbéga náà kò dé. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì wọn wá sọ fún un pé ẹ̀mí kan ló dí i lọ́nà, pé kó tẹ̀ lé òun lọ sí ìjọ tuntun kan lọ́nà Ìgàndò. Gbọ̀ngàn onípákó ni wọ́n ń lò. Àdúrà ibẹ̀ kì í ṣe ti jẹ́jẹ́. Wọ́n á di ìkúùkù, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa pariwo. Obìnrin kan báyìí ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà, ó sanra, ó sì lóhùn. Bó bá bẹ̀rẹ̀, páànù orí ilé á máa dáhùn.

Ọjọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ wa ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ní kí olúkúlùkù mú ohun tó bá mọ̀ ọ́n ṣe wá, ìbáà ṣe orin, ìbáà ṣe ẹsẹ Bíbélì, ìbáà ṣe eré. Mo ṣe tèmi díẹ̀ fún un wò. Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Èyí gan-an ló máa kẹ́yìn."

Ní Sátidé, mo bẹ màmá mi pé kó fi òwú kó irun mi, àmọ́ kó má tẹ̀ ẹ́, kó má sì so orí rẹ̀ pọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó nà ró bí ẹ̀gún òòrẹ̀. Ó fi itan há mi mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ yá. Ó ń fa òwú, ó ń wé e, ó ń fi eyín gé e. Nígbà tó parí, mo dà bí ohun tí ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó wá ku àwọ̀ yẹ́lò. Mo fi ìpara pa òwú náà, mo sì bu kọ́sítáàdì lé e lórí.

Màmá mi kígbe, "Kọ́sítáàdì tí a fẹ́ mu!" Ó gba agolo lọ́wọ́ mi. Ó wò mí títí, ó wá fúnra rẹ̀ bù ú kún ibi tí ọwọ́ mi ò dé lẹ́yìn orí. Ó ní, "Ó kàn dùn mí pé iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ní lọ́la. Ǹ bá wá."

Ìyẹn ni pé màmá mi kò sí níbẹ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀, ó jókòó níwájú.

Mo fi gèlè bo orí títí ó fi kàn mí. Nígbà tí mo ṣí i, àwọn ọmọdé hó yèè. Mo ṣubú, mo dìde, mo kígbe, mo wúkọ́, mo tọrọ omi. Àbúrò mi gbé e wá tòun ti ìkúnlẹ̀. Àwọn ọmọ kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn àgbà ń lu itan. Mo rí bàbá mi tó bọ́ awò ojú. Mo wá di ìkúùkù fún igbe ńlá tó gbẹ̀yìn, mo ń gbọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì pariwo dé ibi tí agbára mi dé.

Ẹ̀rín àwọn àgbà dá. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn, mi ò mọ ìdí. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ohun tí mo ṣe lórí pèpéle yẹn, òun gan-an ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mi ò fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò rántí rẹ̀ rárá. Òun ló rí ara rẹ̀ nínú eré ọmọ ọlọ́mọ, ló bá dìde.

"Ẹ̀mí wo nìyẹn?" Páànù dáhùn. "Mo ní ẹ̀mí wo nìyẹn nínú ilé Ọlọ́run? Ẹ di ọmọ yẹn mú!"

Olùkọ́ wa sáré síwájú. "Mà, eré ni, mà. Èmi ni mo ní kó ṣe é."

"Ìwọ náà lọ jókòó kí n tó kàn ọ́."

Obìnrin méjì gbá mi mú lápá. Wọ́n fà mí lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí wọ́n ń kó àga sí. Àbúrò mi ń sunkún níta pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Olórí ẹgbẹ́ àdúrà wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì ń yí mi ká.

Ó ní, "Ẹ̀mí omi ló kó irun yìí."

Mo ní, "Màmá mi ló kó o, mà."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dá mi lóhùn! Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀mí náà!" Ó fi ìka kan òwú orí mi, ó rí ìyẹ̀fun yẹ́lò tó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. "Ẹ wo lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fún un níbẹ̀."

"Kọ́sítáàdì ni, mà."

Ó gbé e sí imú. Mo rí i pé ó mọ òórùn rẹ̀. Ta ni kò mọ òórùn kọ́sítáàdì? Ó ti pè é ní ẹ̀mí, kò sì lè pè é ní kọ́sítáàdì mọ́. Ó ní kí wọ́n lọ mú àlùmọ́gàjí wá.

Ilẹ̀kùn ṣí, bàbá mi wọlé. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó ti parí, bàbá mi ti dé, ilé ti yá.

Olórí ẹgbẹ́ àdúrà ní, "Bàbá ọmọ, ó dára bẹ́ ẹ ṣe dé. Ẹ bá wa di orí rẹ̀ mú."

Bàbá mi wò ó. Ó wò mí. Ó rọra sọ pé, "Ṣé ẹ ò rò pé eré lásán ni, mà?"

"Ṣé ẹ fẹ́ kí ìgbéga yẹn dé, àbí ẹ ò fẹ́?"

Bàbá mi kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mi mú létí ọ̀tún àti tòsì. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ní, "Fara balẹ̀. Àdúrà lásán ni."

Mo kígbe. Èyí kì í ṣe ti eré. Mo di ìkúùkù, mo sì kígbe bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ilẹ̀ kò mì, òkúta kankan kò fò. Wọn ò dúró dè mí. Àlùmọ́gàjí ń ké gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ létí mi, òwú dúdú ń já bọ́ tòun ti irun, kọ́sítáàdì sì ń dà sórí ṣòkòtò tí bàbá mi fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe ń gé e ni wọ́n ń pariwo àdúrà. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó irun náà sínú ọ̀rá. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn máa sun ún.

Lójú ọ̀nà ilé, bàbá mi ra mínírà fún mi. Mo gbé e dání títí a fi délé, mi ò ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ni màmá mi dé pẹ̀lú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀. Gèlè ló kọ́kọ́ rí lórí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ó ní, "Báwo ló ṣe lọ? Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?" Ó ṣí gèlè. Wọ́n ti gé ibì kan mọ́lẹ̀, ibì kan dúró jágajàga bíi pápá tí ewúrẹ́ jẹ.

"Ta ló gé e?"

Bàbá mi dìde lórí àga. "Ẹ jókòó ná. Wọ́n ní ẹ̀mí kan—"

"Mo ní ta ló gé e."

"Olórí ẹgbẹ́ àdúrà."

"Ẹ̀yin dà nígbà tó ń gé e?"

Èmi ni mo dáhùn. Mo ní, "Dádì ló di orí mi mú."

Màmá mi kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó wo bàbá mi bí ẹni tó ń wo ilé tó jóná, tó ń ṣírò ohun tó kù níbẹ̀. Ó mú mi lọ́wọ́, kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́, a jáde lọ wọ mọ́tò Ìgàndò.

A bá wọn nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Pásítọ̀ wọn náà wà níbẹ̀. Màmá mi kò kí ẹnikẹ́ni. Ọmọ Èkìtì ni, ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí ọmọ Èkìtì má kí ènìyàn.

Ó ní, "Mo wá gba irun ọmọ mi."

Olórí ẹgbẹ́ àdúrà ní, "Ẹ má bínú, ìyá. A ṣe é fún ire rẹ̀ ni. A ti fẹ́ sun ún."

"Mo ní ẹ gbé irun ọmọ mi wá."

Pásítọ̀ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà."

"Ẹ ò ní gbàdúrà kankan lé mi lórí. Bí mo bá fẹ́ fá irun aláìsàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, mo máa ń sọ fún un, bí kò sì lè sọ̀rọ̀, mo máa ń bi àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyá ọmọ yìí wà láyé. Ta ló bi í nínú yín?"

Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló lọ mú ọ̀rá náà wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò wo ojú mi. Màmá mi tú ọ̀rá náà, ó wò ó bóyá ó pé, ó sì gbé e sínú àpò rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ó ri irun náà mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kànga, ó jókòó sórí àpótí, ó fi abẹ fá èyí tó kù lórí mi kó lè dọ́gba. Omijé rẹ̀ ń kán sí mi lórí. Bí mo bá gbé ojú sókè, á ní kí n tẹrí ba, kí abẹ má gé mi.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, òun, èmi àti àbúrò mi padà sí Áńgílíkà. Bàbá mi ń dá lọ sí Ìgàndò. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, a ó jọ wọṣọ, a ó jọ jáde, tí a bá dé ibùdókọ̀, òun á kọjá sí òdìkejì títì. Nígbà tó yá, kò lọ síbẹ̀ mọ́. Kò sọ ìdí. Ìgbéga náà kò sì dé títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Nílé-ìwé, wọ́n ń fi orí mi lu ìlù. Wọ́n ń pè mí ní igbá. Gbogbo táàmù yẹn, inú ń bí mi láti àárọ̀ di alẹ́. Inú ń bí mi sí ìwé, sí oúnjẹ, sí àbúrò mi tí irun rẹ̀ pé. Ó wá ku díẹ̀ ká gba họlidé, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa bèèrè ẹni tó máa ṣe eré lọ́jọ́ ìparí táàmù. Mo rí ọwọ́ mi tó nà sókè.

Ọmọ kíláàsì mi kan ló ṣe ọ̀tá. Mo jáde síwájú gbogbo ilé-ìwé láìbo orí. Mo ṣubú, mo dìde, mo di ìkúùkù, mo kígbe. Mo fọwọ́ pa orí mi. Kò tíì sí nǹkan gidi níbẹ̀. Mo sọ fún ọ̀tá pé, "Ẹ dúró o. Ó ń hù bọ̀." Mo tún kígbe, mo tún fọwọ́ pa á. Mo bu omi, mo fi wọ́n orí bí ẹni tó ń wọ́n ebè ẹ̀fọ́. Ọ̀tá jókòó. Ó ní, "Ìgbà wo lẹ rò pé ó máa hù?" Mo ní, "Ẹ ṣì lọ máa sinmi nílé jàre. Tó bá di àjíǹde, ẹ padà wá, màá lù yín dáadáa." Ọ̀tá dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun máa padà wá.

Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé gbá tábìlì mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Àwọn tó ń pè mí ní igbá ń fi orí gbá ara wọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo kígbe lẹ́ẹ̀kan sí i láti fi parí rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nínú mi láti Ìgàndò ni mo fi kígbe náà, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́. Màmá mi wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí aṣọ iṣẹ́ nu ojú.

Ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, bàbá mi ń ka ìwé ìròyìn ní pálọ̀. Ó pè mí.

"Mo gbọ́ pé o ṣeré níléèwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n ní o fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa wọ́n."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ká ìwé ìròyìn, ó gbé e sórí itan. "Ṣe é kí n wò ó."

Àbúrò mi ti dìde láti ṣe ọ̀tá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú ilé wa. Mo wo bàbá mi, mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìwé ìròyìn.

Mo ní, "Rárá, sà."

Ọmọ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nílé wa. Mo dúró de ìgbátí, kò dé. Ó mi orí, ó tún ìwé ìròyìn ṣí.

Ó tún tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ. Àwàdà ló fi ṣe, níwájú àwọn ẹbí. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mi ò ṣe é. Ó ti kú báyìí, kò rí i. Àbúrò mi ní ó tó gẹ́ẹ́, pé ẹni tó kú kì í jẹ̀bi mọ́, pé kí n dárí jì í. Mo ní mo ti gbọ́.